Pèpéle Tí Onírúlà Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Onírúlà. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ ò sọ ọ́ lórúkọ o. Rúlà onígi kan ló máa ń wà lápò àyà rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tó bá bọ́ aṣọ, àfi bíi pé ó wà lára egungun ìhà rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé òun ni ọ̀gá níbẹ̀ o. Ọ̀gá Àgbà ni yóò ro ilé, tí yóò fọwọ́ júwe rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Onírúlà ni yóò jókòó ti tábìlì, tí yóò wọn gbogbo rẹ̀ ní ìka kan, ìka kan, títí tí bíríkìlà á fi rí ohun tó máa kọ́.

Nínú gbogbo ohun tó ń yà, kò sí èyí tó mọ̀ tó àtẹ̀gùn ìjókòó pápá ìṣeré. Ẹ bi í léèrè nípa pápá ìṣeré, ẹ ti dáràn nìyẹn, ilẹ̀ á fẹ́ẹ̀ ṣú bá yín. Á sọ fún yín pé láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ẹ̀bá òkè lásán ni wọ́n ń lò. Èrò á jókòó sórí koríko, àwọn eléré á máa sáré nísàlẹ̀, àwọn adájọ́ eré nìkan ni wọ́n gbẹ́ òkúta ìjókòó fún. Àwọn ará Róòmù ò dúró de òkè ní tiwọn. Òkúta ni wọ́n tò léra wọn, ọ̀nà àbáwọlé lórí ọ̀nà àbáwọlé, títí ó fi di òkè láàárín ìgboro: ọgọ́rin ẹnu ọ̀nà, nọ́ńbà lókè èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí oníkálukú lè mọ ibi tó máa gbà. Àwọn atukọ̀ ojú omi tó mọ okùn í fà ló ń ta aṣọ bo èrò lórí nígbà tí oòrùn bá mú. Ti òde òní ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ jókòó! Òrùlé tí kò ní òpó kankan, tí wáyà irin fà yí ká bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Pápá odidi tí wọ́n ń fà jáde síta kí koríko rẹ̀ lè yáàrùn, tí wọ́n á tún tì í wọlé pa dà bí ẹni ti dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àlejò mu omi ná.”

Ibì kan náà ló máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Á yọ rúlà, á fi nà sí yín: “Láti ayé àwọn wọ̀nyẹn títí di òní, ìbéèrè kan ṣoṣo ni pápá ìṣeré ń dáhùn. Ṣé ẹni tó jókòó ń rí i? Bí kò bá rí i, ògiri lásán lẹ kọ́.”

Ẹnu yìí náà ló fi ń sọ ọ́ o. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ọ́fíìsì wọn gba iṣẹ́ pápá ìṣeré ìlú náà. Onírúlà ni wọ́n gbé àtẹ̀gùn ìjókòó ìhà ìwọ̀ oòrùn fún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wàá fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ojú ẹni tó jókòó, wàá wá fa ìlà láti ojú yẹn, á gba orí ẹni iwájú rẹ̀ kọjá, á sì balẹ̀ sí etí pápá. Bí ìlà bá fara kan orí ẹni iwájú, gbé ìjókòó ẹni ẹ̀yìn sókè sí i. Ní àárín àtẹ̀gùn náà, pèpéle kan wà fún àwọn tó ń lo àga onítáyà, ogójì ènìyàn. Pèpéle yẹn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju bó ṣe yẹ kí ìjókòó lásán ga lọ, nítorí pé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé, àwọn tó wà níwájú á dìde, ẹni tó wà nínú àga onítáyà ò sì lè dìde. Onírúlà mọ èyí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ yà á.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n fi àwòrán sílẹ̀ ló rí i pé òun ti ṣìrò ní ìlà kẹsàn-án. Àṣìṣe kékeré, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni: ohun tí o bá ṣì nísàlẹ̀, á gùn ọ́ lọ sókè. Àwọn tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn máa forí sọ ọ̀pá irin tó gbé òrùlé dúró. Kó tó lè tún un ṣe, àfi kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti ìlà kẹsàn-án, kó sì lọ bá Ọ̀gá Àgbà pé, “Ẹ dákun, mo ṣìrò.” Onírúlà! Ẹni tí wọ́n fi ń bá àwọn yòókù wí! Kàkà kó sọ bẹ́ẹ̀, ó wo pèpéle náà. Bí pèpéle bá fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wálẹ̀, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bá a wálẹ̀, orí ẹnikẹ́ni ò sì ní kan irin mọ́. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, wọn ò kúkú pọ̀, ogójì péré nínú ẹgbàá mẹ́wàá ènìyàn. Ó mú rọ́bà, ó pa á rẹ́. Ó wá ya àwọn ènìyàn kéékèèké sórí ìjókòó gbogbo, bí wọ́n ti máa ń ṣe, gbogbo wọn jókòó jẹ́jẹ́. Nínú àwòrán, kò sẹ́ni tó ń dìde. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lù ú lóǹtẹ̀, wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin báyìí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Onírúlà nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí òun náà ò tíì pé ogún ọdún, ló di ìyá fún un. Iṣẹ́ aránṣọ ló fi tọ́ ọ. Bó bá ń ránṣọ, rédíò á máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, bọ́ọ̀lù ni yóò máa gbọ́, á máa bú rẹfirí bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìtọ̀ ṣúgà mú un lẹ́sẹ̀. Dókítà gé ọ̀tún ní orúnkún, òsì náà ò sì lágbára láti gbé e mọ́. Àga onítáyà ló kù. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́? Rárá o. Ó ní, “Ẹsẹ̀ kan tó kù fún mi yìí ò lè gbá pẹnáritì, ṣùgbọ́n mo ṣì mọ ẹni tí kò yẹ kó gbá a.”

Lọ́jọ́ kan ló bá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ pápá yìí lẹ́nu rẹ. Gbé mi lọ, kí n fojú ara mi rí i.”

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kò gbàgbé pèpéle. Ènìyàn kì í gbàgbé irú ẹ̀. Ó kàn ti ń gbójú kúrò níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ tó fi mọ́ ọn lára. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, a máa lọ.” Ó sì ń rò ó lọ́nà pé bóyá kì í tilẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán gangan, wọ́n dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé fìlà aláwọ̀ búlúù ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn. Ó ń fọwọ́ pa ògiri bí wọ́n ṣe ń tì í gòkè. Ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé, “Àbúrò mi ló ya ibí yìí.” Ó sọ fún ẹni tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n dé orí pèpéle, ó sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, obìnrin kan tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo itan, àti àwọn yòókù. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Onírúlà. Wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ó dára. Gbogbo èrò jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rí gbogbo pápá, ó ń pariwo, ó ń bú rẹfirí lójúkojú wàyí. Onírúlà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé. Gìrì! Gbogbo àwọn tó wà níwájú dìde. Ẹ gbọ́ o, Onírúlà náà dìde! Ó fò sókè, ó rí bọ́ọ̀lù bó ṣe wọ àwọ̀n, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kígbe góòlù. Ìgbà tó wojú ilẹ̀ ló rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́líìtì ọkùnrin kan ló wà níwájú ojú rẹ̀. Ó ń yí orí sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń wá àlàfo.

“Ta ni? Ta ló gbá a?”

Ó sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti pàtẹ́wọ́ tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni góòlù kejì. Nígbà tó wá di ìparí, tí eré gbóná, àwọn èrò iwájú ò jókòó mọ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí báàgì, ó mú rédíò kékeré jáde, ó fi sétí. Nínú pápá ìṣeré! Onírúlà wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún, ó rí i pé ó ju mẹ́wàá lọ nínú àwọn ará pèpéle tó ti fi rédíò sétí. Wọ́n mú un wá láti ilé. Wọ́n ti mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lápá aṣọ, kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, “Ìwọ lo ya àwọn àtẹ̀gùn, àbí? Ta ló ya ibi tí mo wà yìí? Ẹni yẹn ò ní ará ilé tí kò lè dìde.”

Onírúlà ní, “Ẹlòmíì ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ ò rí nǹkan? Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Obìnrin tó tọ́ ọ, tó ń fi í yangàn láti ẹnu ọ̀nà dé orí pèpéle, òun ló wo lójú tó parọ́ fún. Ojú tì í débi pé bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ẹ̀yìn àga ló ń tì, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹ̀yìn lòun wà, kí ẹ̀gbọ́n òun má bàa rí ojú òun.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ọ̀gá Àgbà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìlú mìíràn ti rí pápá náà, wọ́n fẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí Onírúlà gbé àwòrán àtijọ́ jáde, kó tún un yà sórí kọ̀ǹpútà. Ogójì ènìyàn mìíràn nìyẹn, tí wọn ò tíì mọ̀ pé ẹ̀yìn ṣòkòtò ni wọ́n máa wò. Onírúlà jókòó ti àwòrán yẹn lọ́jọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún ìṣirò ìlà kẹsàn-án ṣe, ó gbé pèpéle sókè sí ibi tó yẹ kó wà. Jẹ́jẹ́ ló ṣe é, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ tí a bá bò mọ́lẹ̀, ṣé ó máa ń tán ni? Obìnrin tó ń ṣírò irin fún wọn ló fi ojú kàn án. Ó ní, “Bọ̀dá Onírúlà, pèpéle yìí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ló dé?”

“Mo rò pé á dára bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń lo àga onítáyà.”

Ó lọ sọ fún Ọ̀gá Àgbà, inú rere ló fi sọ ọ́. Ọ̀gá Àgbà bá pe gbogbo ọ́fíìsì jọ sí tábìlì ńlá. “Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní ọkàn ènìyàn! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú àga onítáyà, ó sì ro ti gbogbo wọn pọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin oníṣirò nu ojú. Etí Onírúlà gbóná janjan. Ká ní ilẹ̀ lanu nígbà yẹn, ì bá kó sínú rẹ̀ tòun ti rúlà. Síbẹ̀, kí ló ṣe? Ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ìyìn tí kì í ṣe tẹni, ó gbà á, ó jẹ ẹ́, kò lè gbé e mì.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó dùn mọ́ ọn, ló bá gba ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Onírúlà dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, obìnrin méjì tó wá wọn aṣọ wò wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń ṣàlàyé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. “Òun rèé! Ẹnì kan báyìí tí kò láàánú ló ya ti àkọ́kọ́. Àbúrò mi rí i bó ṣe rí lára mi, ló bá ní láéláé, irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ kí i dáadáa o, ẹ kí ọmọ mi.” Àwọn obìnrin náà kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó dúró síbẹ̀ bí igi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ sáàárín àwọn àgékù aṣọ.

“Kí lo tún jẹ gbèsè ẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. “Dìde jàre.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ẹni tí kò láàánú yẹn.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ìlà kẹsàn-án, ọ̀pá irin, rọ́bà, “wọn ò kúkú pọ̀.” Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a, ó ká a títí tó fi tán, ó tún tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

“Nígbà tí mo bi ọ́ ní pápá, o ní ẹlòmíì ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O wo ojú mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dùn mí o. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Ó dùn mí wọra.” Ó gbé téèpù sílẹ̀. “Ènìyàn mélòó lo ní ó ń jókòó síbẹ̀?”

“Ogójì.”

“Ọdún mọ́kànlá?”

“Ọdún mọ́kànlá.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀, àbúrò mi ló sì yà á, mo rí ẹni bínú sí.” Ó yí ojú àga sí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Ṣé èmi ló máa wá gba ẹ̀bẹ̀ lórúkọ wọn? Dìde, má fi aṣọ funfun nu ilẹ̀ fún mi. Bó o bá ti bẹ̀ wọ́n tán, kó o wá bẹ̀ mí.”

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, o sì dúró gbà á?” Ìyẹn ló bí i nínú ju àṣìṣe lọ. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni pápá pé àwọn á fi irin gbé pèpéle náà sókè nígbà tí ìdíje bá parí, àwọn ìlà ẹ̀yìn yóò sì dín ní méjì kí orí ẹnikẹ́ni má bàa kan irin. Ó yọ orúkọ Onírúlà kúrò lára àwòrán tuntun. Onírúlà ò bá a jiyàn. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á ṣì kù.

Sátidé dé. Ó gun orí pèpéle ní ìgbà tó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ti tò síbẹ̀, rédíò ti wà lórí itan àwọn mìíràn. Ó dúró síwájú wọn, ó kẹ̀yìn sí pápá. Ó ní òun lòun ya ibí yìí. Ó ní òun gbé e kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, òun ṣìrò níbòmíràn, òun sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀gá òun má bàa mọ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun ò mọ̀ pé wọn ò ní ríran. “Mo mọ̀. Mo ní ẹ ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”

Kò sẹ́ni tó kígbe mọ́ ọn. Ó ti múra sílẹ̀ de èébú, èébú ò wá. Wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin oníbúláńkẹ́ẹ̀tì ní, “Ṣé pé ó lè ga ju báyìí lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yẹ kó ga ju báyìí lọ.”

Ọkùnrin onírùngbọ̀n ní, “Háà. A rò pé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí fún wa nìyẹn ni. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé ariwo ni mò ń lọ gbọ́.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì dé ibì kankan. Ìyẹn gan-an ló pa Onírúlà. Ì bá sàn kí wọ́n lù ú. Ọdún mọ́kànlá gbáko, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ wọ́n.

Ó tún la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ó ní irin ń bọ̀, ó ní nígbà tí ìdíje bá parí, ó ní òun á máa wá wò ó fúnra òun. Rẹfirí fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ogójì ọrùn ló nà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan sọ́tùn-ún rẹ̀, àwọn kan sósì rẹ̀.

“Bọ̀dá,” ọkùnrin onírùngbọ̀n náà rọra sọ fún un, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ lóṣòó sílẹ̀. Ìwọ̀nba ìgbà tí wọn ò tíì dìde yìí la fi ń rí i, ẹ sì ti dí wa lójú.”